Owó Oṣù Mẹ́fà fún Hẹ́dífóònù Kan: Akẹ́kọ̀ọ́, Jẹ́dà àti Ohùn Mẹ́kà

Ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ etí ni a fẹ́ sọ lónìí, ilẹ̀ Sàúdí Arébíà la ó sì ti sọ ọ́, láàárín Jẹ́dà tó wà létí òkun àti Mẹ́kà tí gbogbo alálàájì mọ̀.

Ní àwọn yunifásítì ìjọba lọ́hùn-ún, ìjọba ló ń fún akẹ́kọ̀ọ́ lówó oṣooṣù. Ẹni tó ń kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń gba nǹkan bí 1,000 ríyàlì. Ẹni tó ń kọ́ èdè, ìtàn tàbí ìmọ̀ ẹ̀sìn ń gba nǹkan bí 850. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Yunifásítì King Abdulaziz, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Jẹ́dà ní 1967, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Umm al-Qura ní Mẹ́kà, tó di yunifásítì ní 1981. Àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà náà ń jẹ nínú owó yìí, àwọn ọmọ tiwa sì wà lára wọn. Owó náà kì í ṣe owó ọlá. Ó tó jẹun, ó tó wọkọ̀, ó tó ra káàdì ìpè láti fi kí ìyá nílé. Bí ọmọ bá mọ owó ṣọ́, díẹ̀ lè ṣẹ́kù.

Ẹ wá gbé owó yìí dé ọjà. Ní 2009, ilé-iṣẹ́ Sennheiser ti ilẹ̀ Jámánì gbé hẹ́dífóònù kan jáde tí wọ́n pè ní HD 800. Nǹkan bí 1,400 dọ́là ni wọ́n ń tà á nígbà náà. Láti 1986 ni Sàúdí sì ti so owó rẹ̀ mọ́ dọ́là, ríyàlì mẹ́ta àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin sí dọ́là kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: 5,250 ríyàlì. Ọmọ tó ń kọ́ èdè Lárúbáwá, tó sì fẹ́ fi owó oṣù rẹ̀ rà á, kò gbọdọ̀ jẹun, kò gbọdọ̀ wọkọ̀, kò sì gbọdọ̀ pe ilé fún oṣù mẹ́fà ó lé. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò tíì tán. Ní 2015, ilé-iṣẹ́ kan náà fi èyí tí wọ́n pè ní HE 1 han aráyé. Òkúta mábù láti Carrara ní Ítálì ni wọ́n fi ṣe ìdí rẹ̀, owó rẹ̀ sì lé ní 50,000 dọ́là. Akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì tó bá ń tọ́jú gbogbo owó oṣù rẹ̀ pátá fún ọdún 15 kò ní lè rà á.

Kí ló máa ń gbé ọmọléèwé débi irú ọjà bẹ́ẹ̀? Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í le. Ọmọ kan yóò wọ ṣọ́ọ̀bù láti ra wáyà etí ọgbọ̀n ríyàlì fún fóònù rẹ̀. Ọlọ́jà á ní kó jókòó, á yọ hẹ́dífóònù ńlá kan nínú páálí, á fi bò ó létí. Orin tí ọmọ náà ti ń gbọ́ láti kékeré ni wọ́n á fi sí i, ṣùgbọ́n á gbọ́ ohun tí kò gbọ́ rí nínú rẹ̀: bí akọrin ṣe fa èémí kó tó ki ẹnu bọ orin, bí ìka onígìtá ṣe ń fà lórí okùn, bí ìyáàlù ṣe wà lápá òsì tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì wà lápá ọ̀tún. Á yí orí kiri bí ẹni ń wá ẹnì kan nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ náà ló parí fún wáyà ọgbọ̀n ríyàlì.

Àdììtú kékeré kan wà nínú ìran yìí tí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ orin mọ̀ dáadáa, ní Jẹ́dà, ní Èkó àti níbi gbogbo. Bí ohùn méjì bá jọra, tí ọ̀kan sì fi díẹ̀ ròkè ju èkejì lọ, díẹ̀ tí etí kò lè fura sí pàápàá, èyí tó ròkè ni ènìyàn á sọ pé ó dùn jù. Kò ní sọ pé ó pariwo jù. Á ní ó mọ́ jù, ó kún jù, ó ní ẹ̀mí jù. Nítorí náà, ọlọ́jà tó bá fi ọwọ́ kan bọ́tìnì ohùn díẹ̀ nígbà tó dé orí ọjà olówó ńlá ti tà á tán kó tó dárúkọ iye.

Lẹ́yìn náà ni ìwé nọ́ńbà á jáde. Wọ́n á ní ẹ̀rọ yìí ń gbé ìró láti orí 20 dé 20,000, ìyẹn iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ibẹ̀ náà ni etí ọmọdé tó mọ́ ń parí sí, etí àgbàlagbà kì í tilẹ̀ í dé ibẹ̀ mọ́. Wọ́n á ní fáìlì kan ga ju síídì lọ. Síídì tó jáde ní 1982 ń ka ohùn ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, iye yìí sì ti tó láti kó gbogbo ohun tí etí ènìyàn lè gbọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ńlá a máa wú ni lórí, àgàgà ọmọ yunifásítì tó gbà pé ohun gbogbo ló ṣeé wọ̀n.

Ọmọ yunifásítì kan wà tó gba irú ìwé nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ gbọ́, tó sì jẹ iyán rẹ̀ níṣu. Amar Bose ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà ní 1929. Ọmọ ilẹ̀ Bengal ní Íńdíà ni bàbá rẹ̀, ara àwọn tó bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jà fún òmìnira tí wọ́n sì sá kúrò nílé. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí ọjà bàbá kùtà, Amar tí kò tíì ju ọ̀dọ́langba lọ ń tún rédíò ṣe fún àwọn ará àdúgbò, owó yẹn wà lára ohun tí ẹbí fi ń jẹun. Ó tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta gòjé òyìnbó, èyí tí wọ́n ń pè ní vayolíìnì.

Ó wọ yunifásítì MIT ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ó kàwé títí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1956. Láti fi dá ara rẹ̀ lọ́lá, ó ní kí òun ra sítẹ́ríò gidi. Ọmọ ẹ̀rọ ni, ó mọ ìwé nọ́ńbà kà. Ó yan èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ dára jù, ó sanwó, ó gbé e délé, ó tàn án. Ohun tó gbọ́ kò jọ ohun tí etí rẹ̀ mọ̀ sí orin rárá. Gòjé tó jáde nínú sípíkà kò jọ gòjé tó ń ta lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ẹlòmíràn á dá ọjà padà, tàbí kó bú ẹni tó tà á. Bose fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Nọ́ńbà kò purọ́, ẹ̀rọ kò bàjẹ́, síbẹ̀ ohùn kò dára. A jẹ́ pé ohun kan wà tí nọ́ńbà kò wọ̀n. Ọdún mélòó kan ló fi wádìí rẹ̀ níbi tó ti ń ṣe olùkọ́ ní MIT. Èsì rẹ̀ rọrùn láti sọ. Nínú gbọ̀ngán orin ńlá, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ohùn ló ń ti ọwọ́ olórin wá tààrà sí etí olùgbọ́. Èyí tó pọ̀ jù ti kọ́kọ́ lọ kan ògiri, òrùlé àti ilẹ̀, kó tó padà wá. Yàrá ń bá wọn kọrin. Sípíkà ayé ìgbà náà sì ń da gbogbo ohùn síwájú tààrà, bíi pé yàrá kò sí.

Ní 1964 ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ kò tà. Ní 1968 wọ́n gbé sípíkà 901 jáde: sípíkà kéékèèké mẹ́sàn-án nínú àpótí kan, ẹyọ kan kọjú sí olùgbọ́, mẹ́jọ kọjú sí ògiri. Àwọn kan ní kò sí irú rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ariwo lásán ni. Ní 1970, ìwé ìròyìn kan tó ń bá oníbàárà yẹ ọjà wò, Consumer Reports, kọ ọ́ pé ohùn irinṣẹ́ orin ń rìn gbéregbère kiri yàrá bí ẹ̀rọ náà bá ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ di ilé ẹjọ́. Àwọn agbẹjọ́rò bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ lórí bóyá kiri yàrá ni ohùn ń rìn tàbí lára ògiri láàárín sípíkà méjèèjì, wọ́n sì fà á dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà. Ní 1984, Bose pàdánù. Ẹjọ́ náà wà lára àwọn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin Amẹ́ríkà ń kà títí dòní. Sípíkà 901 sì wà lọ́jà títí di 2016.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ ná lórí ọ̀rọ̀ yàrá, nítorí Bose kọ́ ló kọ́kọ́ kíyè sí i. Ní 1895, ní Yunifásítì Harvard, wọ́n kọ́ gbọ̀ngán ìkẹ́kọ̀ọ́ tuntun kan tí kò ṣeé lò. Bí olùkọ́ bá sọ ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ náà á máa dún lọ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún àti ààbọ̀, èyí tó tẹ̀lé e á gorí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á di wúruwùru. Wọ́n gbé iṣẹ́ fún olùkọ́ ọ̀dọ́ kan, Wallace Sabine, tí kò tíì pé ọdún 28. Lóru, nígbà tí ìgboro bá pa lọ́lọ́, Sabine àti àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́ á ru tìmùtìmù ìjókòó láti gbọ̀ngán mìíràn wá, wọ́n á tò ó kalẹ̀, wọ́n á fun fèrè dùùrù kan, wọ́n á sì ka iye àsìkò tó gbà kí ìró tó kú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti ru tìmùtìmù padà. Bí tìmùtìmù ṣe ń pọ̀ sí i ni ìró ń tètè kú. Láti inú iṣẹ́ òru yẹn ni ìmọ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé fún ohùn ti jáde.

Ẹ wá rántí ohun tí Sabine rí, kí ẹ sì wo Masjid al-Haram, mọ́sálásí ńlá tó wà ní Mẹ́kà. Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ mábù funfun tí wọ́n gbé wá láti erékùṣù Thassos ní ilẹ̀ Gíríìkì, nítorí kì í gbóná lábẹ́ oòrùn. Òpó jẹ́ mábù, ògiri jẹ́ mábù. Ẹsẹ̀ alálàájì dúpẹ́ fún òkúta yìí, ṣùgbọ́n ohùn kì í wọ inú rẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ohùn tó bá kan mábù ni mábù ń mu. Ìyókù ń fò padà. Ó wá ku ọ̀nà jíjìn. Ní gbangba, bí ènìyàn bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ìwọ̀n ohùn á fi désíbẹ́ẹ̀lì mẹ́fà wálẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní 65 désíbẹ́ẹ̀lì létí ẹni tó wà ní mítà kan sí i, á ti wálẹ̀ sí 23 létí ẹni tó wà ní mítà 128. Ẹni yẹn kò ní gbọ́ nǹkan kan láàárín èrò.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́ tí iná kò tíì dé? Ènìyàn ló ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ. Bí lémọ́ọ̀mù bá ti kábàrá, àwọn ládàánì tó dúró sórí pèpéle gíga á gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á fi ohùn òkè tún un sọ, kí àwọn ti ẹ̀yìn lè mọ ìgbà tí wọ́n á rùkúù àti ìgbà tí wọ́n á forí kanlẹ̀. Títí dòní, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀, ládàánì Mẹ́kà ṣì ń tún kábàrá sọ lẹ́yìn lémọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n lè gbọ́ ohùn kejì náà yékéyéké.

Ẹ̀rọ náà ńkọ́? Àwọn aláṣẹ mọ́sálásí náà ń sọ pé sípíkà tó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí 8,000. Níwájú lémọ́ọ̀mù, máíkì ju ẹyọ kan lọ ló máa ń wà. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́, èyí tó máa gbapò rẹ̀ wà ní sẹpẹ́, òmíràn tún wà fún pàjáwìrì, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ kí ohùn lémọ́ọ̀mù já nígbà tí ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan wà lórí ìrun.

Ìdí tí sípíkà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni lè rò pé kí wọ́n gbé sípíkà ńláńlá mẹ́rin sí orígun mẹ́rin, kí wọ́n sì yí i sókè dópin. Ìyẹn á ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ohùn a máa pẹ́ lọ́nà. Ẹni tó bá ti wo agégi lókèèrè mọ̀ pé àáké á ti bọ́ sára igi kí ìró rẹ̀ tó dé etí. Nínú ooru Mẹ́kà, ohùn ń rin nǹkan bí 350 mítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú mọ́sálásí náà, ibi tí àwọn alálàájì ti ń rìn láàárín òkè Sàfá àti Máríwà tó nǹkan bí 450 mítà. Ohùn tó bá kúrò ní ìpẹ̀kun kan á gba ìṣẹ́jú-àáyá kan ó lé kó tó dé ìpẹ̀kun kejì. Nígbà yẹn, lémọ́ọ̀mù ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ọmọléèwé mìíràn ló fi hàn bí etí ṣe ń gba irú ohùn méjì bẹ́ẹ̀. Ní 1949, ní Yunifásítì Göttingen ní Jámánì, Helmut Haas kọ iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lórí ìbéèrè kan: bí ohùn kan náà bá ti ibi méjì wá, tí ọ̀kan pẹ́ ju èkejì lọ, kí ni etí máa ń gbọ́? Ó rí i pé bí èyí tó pẹ́ kò bá ju ìwọ̀nba ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú-àáyá lọ, etí á pa méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan, á sì gbà pé ibi tí àkọ́kọ́ ti dún ni ohùn ti wá. Ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́ tó ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú-àáyá, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í di méjì. Ìdá kan nínú ogún yẹn, nǹkan bí mítà 17 péré ni ohùn ń rìn nínú rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń to sípíkà kéékèèké sún mọ́ èrò, tí ẹ̀rọ sì ń dá ohùn ti ọ̀ọ́kán dúró díẹ̀ kó tó jáde, kó lè bá èyí tó ń bọ̀ láti iwájú dé pọ̀. Sípíkà kọ̀ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ fún àwọn tó wà nítòsí rẹ̀, kò ní agbára tó á fi lọ kọ lu mábù ọ̀ọ́kán. Iṣẹ́ ibẹ̀ wà nínú ìwọ̀n, nínú àsìkò àti nínú ibi tí wọ́n gbé sípíkà kọ̀ọ̀kan sí.

Ibí yìí ni ìtàn Bose ti pàdé Mẹ́kà. Ọmọ tí sítẹ́ríò já kulẹ̀ ní 1956 dàgbà di olówó, àwọn ènìyàn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ohùn kalẹ̀ nínú ilé ńláńlá. Ní àwọn ọdún 1990, wọ́n ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní Auditioner, tó ń jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ bí ohùn á ṣe rí nínú ilé tí wọn kò tíì kọ́. Lára àwọn ibi tí wọ́n ń dárúkọ pé ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà ti ṣiṣẹ́ ni Sistine Chapel ní Róòmù àti Masjid al-Haram ní Mẹ́kà. Nígbà tí Amar Bose fi máa kú ní oṣù keje 2013, ó ti fi èyí tó pọ̀ jù nínú ìpín ilé-iṣẹ́ náà ta MIT lọ́rẹ.

Ní Jẹ́dà fúnra rẹ̀, ìtàn ẹ̀rọ ohùn pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀mọ̀wé ará Netherlands kan, Christiaan Snouck Hurgronje, gbé Jẹ́dà àti Mẹ́kà ní 1884 àti 1885. Nígbà tó yá, ó ṣètò pẹ̀lú ọ́fíìsì aṣojú ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní Jẹ́dà kí wọ́n máa gba ohùn sílẹ̀ fún òun. Láàárín 1906 sí 1909 wọ́n gba kíké Kùránì, ìpè ìrun àti orin sílẹ̀ lórí ìda onírípo. Kò sí iná mànàmáná nínú rẹ̀. Akọrin á ki ẹnu sí ìwo, ohùn rẹ̀ á mi awọ tín-ín-rín kan, awọ á ti abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ á máa fín ìda. Nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì, ìda ti kún. Wọ́n kó wọn lọ sí Leiden ní Netherlands, ibẹ̀ ni wọ́n ṣì wà. Ohùn wọn ń ha, ó ń yọ bí èéfín, síbẹ̀ ẹni tó bá gbọ́ ọ á mọ̀ pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara kan ló ń ké ní Jẹ́dà ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Kò sí nọ́ńbà kan lára ẹ̀rọ yẹn tí ọlọ́jà òde òní lè fi polówó.

Ní 1949, rédíò Sàúdí bẹ̀rẹ̀ láti Jẹ́dà, ní àsìkò Hájì. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1970, tí owó epo rọ̀ sápò àwọn ará ilé wa, rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì ti wà lára ẹrù tí àwọn alálàájì ń rù bọ̀ láti ìrìn àjò mímọ́, pẹ̀lú góòlù àti ẹní ìkírun. Ní sáà kan náà, ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀ ń ra ẹ̀rọ olówó ńlá. Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọba orin àpàlà, kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó ní ìparí àwọn ọdún 1970. Ẹ̀rọ rẹ̀ lè gba ohùn mẹ́rìnlélógún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, agogo lọ́tọ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lọ́tọ̀, ohùn elégbè lọ́tọ̀. Ó mọ̀ pé bí agídìgbo bá bo ẹnu akọrin mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ inú àpàlà ti ṣòfò.

Síbẹ̀, ẹ wo mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò wa. Sípíkà oníwo mẹ́rin lórí òpó kan, gbogbo rẹ̀ dé òkè pátápátá, ará ilé ẹ̀yìn á gbọ́ ariwo, kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀. Sàúdí pàápàá bá irú rẹ̀ jà. Ní oṣù karùn-ún 2021, Iléeṣẹ́ Ìjọba fún Ọ̀rọ̀ Ìsìláàmù pàṣẹ pé kí àwọn mọ́sálásí máa lo sípíkà ìta fún ìpè ìrun àti ìkómà tí ìrun fi ń bẹ̀rẹ̀ nìkan, kí ìwọ̀n rẹ̀ má sì kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta agbára ẹ̀rọ. Àwọn kan bínú. Mínísítà ní àwọn òbí ló ń ráhùn pé ohùn ń dá àwọn ọmọ wọn lóorun.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ní 850 ríyàlì lọ́wọ́ wá ṣe? Ìwádìí kan wà tó lè dá owó rẹ̀ dúró. Ní 1994, Floyd Toole àti Sean Olive, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ Harman ní Amẹ́ríkà, ní kí ogójì ènìyàn gbọ́ sípíkà mẹ́rin kí wọ́n sì fún wọn ní máàkì. Lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ń rí sípíkà. Lẹ́ẹ̀kejì, aṣọ bò ó. Nígbà tí wọ́n ń rí i, èyí tó tóbi tó sì lówó lórí rí máàkì gbà. Nígbà tí aṣọ bò ó, máàkì yí padà. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà sì ni wọ́n, àwọn tó yẹ kó mọ̀.

Nítorí náà, kó tó náwó, kó kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ ní àárín yàrá rẹ̀. Yàrá akẹ́kọ̀ọ́ ní Jẹ́dà sábà máa ń ní táìlì nílẹ̀ àti ògiri gbalaja. Bí àtẹ́wọ́ bá ń dún gan-an-ran lẹ́yìn tó ti ṣí ọwọ́, yàrá ló ń bá a sọ̀rọ̀, sípíkà ẹgbẹ̀rún ríyàlì kò ní pa á lẹ́nu mọ́. Kó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì nípọn, kó ta kọ́tìnnì wíwúwo, kó fa sípíkà kúrò ní kọ̀rọ̀, kó sì sún mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ hẹ́dífóònù ló fẹ́, kò ní ìjà kankan pẹ̀lú ògiri, ṣùgbọ́n kó ṣọ́ etí rẹ̀: Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 80 désíbẹ́ẹ̀lì fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ló tó etí àgbàlagbà, bí ohùn bá sì ròkè jù bẹ́ẹ̀ lọ, wákàtí gbọ́dọ̀ dínkù kíákíá.

Lẹ́yìn èyí, kó wọ ọjà pẹ̀lú orin tó mọ̀ bí ẹní mọwó. Àwo Juju Music tí King Sunny Adé ṣe ní 1982 dára fún un, nítorí gìtá pọ̀ nínú rẹ̀, gángan sì ń sọ̀rọ̀ láàárín wọn. Ẹ̀rọ tó bá jẹ́ kó gbọ́ ohun tí gángan ń sọ, tí kò sì fi gìtá rúbọ, ẹ̀rọ náà tó. Bí ó bá ń yàn láàárín ẹ̀rọ méjì, kó ní kí ọlọ́jà fi ohùn méjèèjì sí ìwọ̀n kan náà. Kó kọ ẹ̀yìn sí wọn, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa pààrọ̀ ẹ̀rọ láìsọ èyí tó wà lórí, kó sì kọ máàkì tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó béèrè iye. Bí ọlọ́jà kan bá kọ̀ fún un, ṣọ́ọ̀bù kejì kò jìnnà.